Àgbà Tún Ti Gba Àwọn Fáìlì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé ilé iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wa lónìí, nínú òjò. Páálí rẹ̀ rin gbingbin, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ gbẹ. Èèyàn á kàn dì í mú bíi tọ́ọ̀ṣì, á fi yí kùkùté ẹsẹ̀ aláìsàn po, àwòrán rẹ̀ á sì jáde lójú kọ̀ǹpútà, tihò tihò, tàpá tàpá. Ó tán, a ò tún ní máa po pílásítà, ká máa fi we èèyàn lẹ́sẹ̀ bí òkú mọ́. Ọwọ́ mi á sinmi.

Oníkọ̀ǹpútà bá a wá. Ó ní ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò látọjọ́ yìí ò lè ka àwòrán ẹ̀rọ náà, ó sì fi tuntun sínú kọ̀ǹpútà tèmi àti èyí tó wà ní yàrá Ọ̀gá, tó ń darí Gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ fóòmù fún wa. Ó fẹ́ yọ ti àtijọ́ dànù. Mo ní kó má dán an wò. Gbogbo aláìsàn wa àtẹ̀yìnwá, inú ti àtijọ́ ni ẹsẹ̀ wọn wà, ìgbà tí a sì fi tuntun ṣí ọ̀kan nínú wọn, ó jáde ní wíwọ́. Àwọn méjèèjì á jọ máa gbé ni. Aránṣọ tó ń rán okùn ẹsẹ̀ fún wa ti sọ wọ́n lórúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú: ti àtijọ́ ni Àgbà, tuntun ni Ìkókó.

"Mo ti ní kí Ìkókó máa ṣí gbogbo fáìlì o," Oníkọ̀ǹpútà sọ fún mi kó tó lọ. "Fáìlì àwọn méjèèjì ò yàtọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí mo bá ní kó ṣí i ló máa ṣí i. Tí ẹ bá ń fẹ́ Àgbà, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kẹ́ ẹ wá yan Àgbà fúnra yín."

Mo ní mo ti gbọ́. Ká ní Ọ̀gá wà láyé ni, ì bá ti fi Ìkókó ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oṣù kẹrin rèé tí a sin ín, kò sì sẹ́ni tó tíì jókòó ní yàrá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà fún. Gíga ni gbogbo ayé ń pè é. Òpó iná ló já a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, ẹnu rẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọn ò rí gé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé irun ẹsẹ̀ náà máa wà níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá mi lórí kọ̀ǹpútà o."

Mo ní kó pa ẹnu dé, kó má mira. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ pé àwọn á dúró dè é di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Kò ní gun òpó mọ́, ilé ẹrù ni wọ́n fẹ́ kó máa bójú tó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Àwòrán náà dáa débi pé mo rí ojú ibi tí dókítà ti rán an.

Mo fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá. Àwọn akọ̀wé tó wà lókè orí wa ò gba ariwo Gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́sàn-án, nítorí náà ó di ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti lọlé kí kọ̀ǹpútà yẹn tó máa ṣí fáìlì fúnra rẹ̀, tí ẹ̀rọ á sì máa gbẹ́ fóòmù ní ìrísí kùkùté ẹsẹ̀ nínú yàrá eruku, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì pa.

Ọjọ́rú, 5

Fóòmù Gíga ti jáde. Mo fa ike gbígbóná bò ó, mo jẹ́ kó tutù, mo gé etí rẹ̀, ó di ife tí kùkùté ẹsẹ̀ á máa wọ̀, mo sì so ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mọ́ ìdí rẹ̀. Mi ò fi téèpù wọn fóòmù yẹn. Ẹ̀rọ tuntun ló wọ̀n ọ́n, kí ni mo tún fẹ́ wọ̀n?

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó yẹ kí n kọ eléyìí dáadáa.

Gíga wọ ife náà ní ọ̀sán. Ó ní ó fẹ̀ lókè, ó sì ń fún òun nísàlẹ̀. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ kún un, mo ní ó máa mọ́ ọn lára. Ó dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Láti kékeré, bí ẹni tó ru kọ́bọ́ọ̀dù ni Gíga ṣe máa ń rìn, èèyàn á gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á díẹ̀, ó dúró fẹ́ẹ́, bí ẹni tó rántí nǹkan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó dúró.

Aránṣọ sáré jáde, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá?"

Ó rí i pé Gíga ni. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an tó dúró sí.

Mi ò gbọ́ ọ àfìgbà tó dárúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan mìíràn gbọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n gé fún Ọ̀gá náà, ìsàlẹ̀ orúnkún ni, ìrìn yẹn sì ni a máa ń gbọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀ tí oníkálukú fi máa ń gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ pamọ́.

"Kí lẹ̀ ń wò?" Gíga bi wá. "Ṣé mi ò rìn dáadáa ni?"

"O rìn dáadáa," Aránṣọ dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lò ń rìn."

Gíga rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Òjò láti ìdájí. Owó ike tún ti lé. Gíga ní ife náà ń dun òun àmọ́ òun á wọ̀ ọ́ mọ́ra. Alágídí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Kò sọ fún mi títí ìbọ̀sẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tí a bó o, awọ bá a wá. Egbò náà ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Dókítà wò ó, ó sì tún un wò. "Tó bá kan eegun, òkè orúnkún ni màá gé e sí. Kò gbọdọ̀ wọ nǹkankan títí awọ á fi pa dé. Ife tó bá sì wọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọdọ̀ ṣì í rárá. Ara yìí ò ní gba ẹ̀ẹ̀kejì."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn tí kò ní orúnkún mọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń làágùn kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Nílé, mo sọ fún Gíga pé ẹ̀bi mi ni, pé mi ò wọn fóòmù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí lómi." Mo bù ú fún un. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ wá fóòmù Gíga nínú àpò ìdọ̀tí tí wọn ò tíì gbé. Mo fi téèpù yí i po lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó bá ti Gíga mu.

Mo wá dijú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Nísàlẹ̀ orúnkún, lápá òde, àtàǹpàkò mi já sínú kòtò kékeré kan. Àtàǹpàkò mi mọ ibẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé iṣẹ́ yìí, èmi ni mò ń ṣe ife Ọ̀gá, mi ò sì ṣe ọ̀kan rí tí mi ò fi àyè sílẹ̀ fún kòtò yẹn.

Mo rọra gbé fóòmù náà kalẹ̀ lórí tábìlì, bí èèyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ẹni tó ń sùn kalẹ̀.

Mo wo kọ̀ǹpútà mi. Gíga ló wà nínú fáìlì Gíga, kò sí àṣìṣe kankan. Mo tún un fi ránṣẹ́, mo sì fi ti awakọ̀ kan àti ti ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ kún un. Mo fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́rú, 12

Fóòmù mẹ́ta ló wà ní yàrá eruku láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ òsì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n gé fún awakọ̀ yẹn.

Mi ò nílò téèpù. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, kòtò mẹ́ta ń wò mí, ní ojú ibì kan náà. Mo pe Aránṣọ, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Kí ló ń wá?" ó bi mí.

"Ta ni?"

"Ọ̀gá, ta tún ni? Bi í léèrè. Kí ló gbàgbé síbí?"

Mo ní kó kúrò níbẹ̀ kó lọ rán okùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ la wà. Ó lọ. Mo wá aṣọ, mo fi bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́bọ̀, 13

Oníkọ̀ǹpútà dé. Ó jókòó ní yàrá Ọ̀gá, ó tẹ fáìlì Gíga lẹ́ẹ̀mejì, Àgbà ló ṣí i. Orúkọ Gíga wà lókè, orúnkún Ọ̀gá sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Mo ní kí Ìkókó máa ṣí i, ó ti padà sọ́wọ́ Àgbà. Àgbà ò lè ka fáìlì yìí. Dípò kó pariwo pé òun ò lè kà á, àpẹẹrẹ tó wà nínú ara ẹ̀ ló ń gbé jáde. Ta ló ni ẹsẹ̀ àpẹẹrẹ yìí?"

Mo sọ fún un. Nígbà tí Ọ̀gá ra Àgbà, ó yọ àpẹẹrẹ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ dànù, ó ní ẹsẹ̀ ta nìyẹn, ó fi tirẹ̀ sí i.

Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ ni. Mo wá bi í pé ta ló dá a padà sọ́wọ́ Àgbà.

"Ẹni tó bá ṣí Àgbà. Ìwà ẹ̀ nìyẹn, tí èèyàn bá ti ṣí i lásán, gbogbo fáìlì ló máa gbà padà."

"Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá yìí."

"Ẹnì kan ń wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n." Ó dá a padà fún Ìkókó. Bó ṣe fẹ́ dìde, ó wo tábìlì. "Ta ló ń lo ọwọ́ òsì nínú yín?"

Máòsì wà lápá òsì. Ó ní ní ọjọ́ Ajé tí òun kọ́kọ́ wá, apá ọ̀tún lòun fi í sí, ó dá òun lójú. Mo ní kò sí ọlọ́wọ́ òsì níbí. Mi ò fi kún un pé ọ̀kan wà rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Àgbà tún ti gba àwọn fáìlì. Fóòmù méjì ló ṣòfò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Lánàá, kí n tó lọlé, mo ti yàrá Ọ̀gá pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú pọ́ọ̀sì mi, mo gbé pọ́ọ̀sì sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Láàárọ̀ yìí ilẹ̀kùn wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo ṣí i. Àga Ọ̀gá ti wálẹ̀ díẹ̀ sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Òórùn ìpara ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú yàrá, ti àná, kì í ṣe ti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo jókòó, mo tẹ fáìlì kan. Àgbà.

Mi ò sọ fún Aránṣọ. Kò sọ fún mi náà pé òun ti lọ tọrọ ìsinmi, ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì wẹ egbò Gíga. Kò jinlẹ̀ sí i, kò sì pa dé. Gíga ò ṣẹ̀fẹ̀ kankan látàárọ̀, ìyẹn ló já mi láyà jù.

Ọjọ́bọ̀, 20

Èmi fúnra mi ni mo fi àwọn fáìlì sọ́wọ́ Ìkókó lánàá. Mo gbé máòsì sọ́tùn-ún. Mo gbé àga sókè. Mo fa aṣọ fèrèsé dé.

Láàárọ̀, Àgbà ni. Máòsì wà lápá òsì. Aṣọ fèrèsé ṣí.

Mo dúró láàárín yàrá, mo pariwo pé, "Ọ̀gá, àbúrò mi ni o! Ẹ mọ̀ ọ́n!" Ìtìjú wá mú mi. Mo jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo fẹ́ yọ Àgbà kúrò pátápátá. Kí àwọn aláìsàn àtijọ́ padà wá, kí n fi pílásítà ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn mi ló máa ro mí, kò pa mí. Mo bá Gíga sọ ọ́.

"Ẹ yọ ọ́," ó ní. "Kí ni mo fẹ́ fi orúnkún Ọ̀gá yín ṣe? Tèmi ni mò ń wá, òun ló kù mí kù." Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo wọ ife yẹn, mi ò sọ fún yín, ó dà bí pé ẹnì kan ti wà nínú ẹ̀ ṣáájú mi, tó ń sún fún mi."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà Ọ̀gá. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ yọ Àgbà. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá yọ ọ́ láìmọ ẹni tó ń ṣí i, ìgbà tí mo bá gbé ife Gíga jáde lẹ́ẹ̀kejì, ta ló máa fi mí lọ́kàn balẹ̀? Màá kọ́kọ́ rí i ná.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mo rí i.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, mo yí padà, mo jókòó sínú yàrá tí a ti ń wọ ẹsẹ̀ fáwọn èèyàn, láàárín àwọn ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé sórí pákó. Òjò ń rọ̀. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán, èèyàn ṣì lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn ìta, tí èyí tó wà ní yàrá Ọ̀gá náà sì yí. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, pé mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan.

Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ògiri tọ̀nà. Ilẹ̀kùn ò pa dé tán. Orúnkún Ọ̀gá ń yí lójú kọ̀ǹpútà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kòtò yẹn ń lọ, ó ń bọ̀. Ọwọ́ kan wà lórí máòsì. Ọwọ́ òsì. Apá ẹ̀wù tó wà lórí ọwọ́ náà, ti Ọ̀gá ni, ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀, òórùn ìpara ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jáde lára rẹ̀.

Ẹni náà wúkọ́. Màmá ni, ìyàwó Ọ̀gá.

Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ sílẹ̀ kó má baà tẹ ẹrẹ̀ wọlé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

Kò ta gìrì. "Ìwọ ni? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o. Mo kàn ń wò ó ni."

"Ìgbà wo lẹ ti ń wá, mà?"

"Látìgbà tí a ti sin ín. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ń dúró kẹ́ ẹ lọ tán, kí n má baà dí yín lọ́wọ́." Ó ṣì ń yí orúnkún náà. "Fọ́tò ẹ̀ kún ilé, gbogbo ẹ̀ ló wọ ṣòkòtò. Ta ló máa ń ya orúnkún ọkọ ẹ̀? Èmi ni mò ń fi ìpara pa á fún un ní gbogbo ìgbà tó bá bọ́ ife. Ọwọ́ mi ti ń gbàgbé ẹ̀, ọmọ mi. Tí mo bá wò ó báyìí, ọwọ́ mi á tún rántí."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń lo ọwọ́ òsì. Ó ní bí òun ṣe rí ọkọ òun tó ń ṣe é nìyẹn, òun ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe é lọ́nà mìíràn.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo kàn sọ ọ́ ni: pé bó bá ti ṣí Àgbà, Àgbà á gba gbogbo fáìlì, pé orúnkún Ọ̀gá ni ẹ̀rọ ń gbẹ́ fún gbogbo èèyàn, pé egbò wà lẹ́sẹ̀ Gíga, àti ohun tí dókítà sọ. Ó ju máòsì sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ta.

"Gíga? Ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní títì, tí mo máa ń sọ fún un pé kó dìde kó má ba ṣòkòtò jẹ́?"

"Òun ni, mà."

"Ojú lásán ni mo fi wò ó," ó ní. "Mo fi wíwò ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe." Ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Nígbà tí a dákẹ́, mo ní, "Ní Ọjọ́rú tó kọjá ńkọ́, mà? Ẹ ṣí aṣọ fèrèsé."

"Ọjọ́rú? Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ni mo sùn ní Ọjọ́rú. Mi ò dé ibí."

A jọ wo máòsì yẹn. Mo pa iná kọ̀ǹpútà náà lára ògiri, mo mú Màmá lọ́wọ́, a jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Oníkọ̀ǹpútà wo ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí Àgbà á ṣe máa ṣiṣẹ́, ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n fi àmì sí, pé kó máa gba gbogbo fáìlì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí i. Ó pa àmì náà rẹ́. A ṣí Àgbà, a pa á, a tún un ṣí. Àwọn fáìlì ò kúrò lọ́wọ́ Ìkókó. Mo ní kó yọ orúnkún Ọ̀gá kúrò nípò àpẹẹrẹ, kó fi bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Bí Àgbà bá tún ṣí fáìlì tí kò lè kà, bọ́ọ̀lù ló máa jáde, afọ́jú pàápàá á mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀.

Orúnkún Ọ̀gá wà ní fáìlì tirẹ̀ báyìí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. A fi bí wọ́n ṣe ń yan Àgbà láti apá ọ̀tún máòsì han Màmá. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ ọ́n, kò sì ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú, mo bi Oníkọ̀ǹpútà. Ó ní bóyá kọ̀ǹpútà ló tún ara rẹ̀ ṣe. Mo ní àti aṣọ fèrèsé? Ó kó ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Bọ́ọ̀lù kankan ò jáde. Ife ìyá olùkọ́ bá a mu rẹ́gí. Dókítà ní etí egbò Gíga ti ń súnmọ́ra. Ó ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, ẹ̀fẹ̀ tí kò dáa rárá. Ó fi ẹ̀rín pa mí.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Ibi iṣẹ́ Gíga ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Wọ́n ní ó parí síbẹ̀, tí kò bá fẹsẹ̀ rìn wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọ́n á gba ẹlòmíràn. Dókítà sì ní awọ ti pa dé, ó ní ká ṣe é, ká ṣe é dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo tún ya àwòrán ẹsẹ̀ Gíga ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì yẹn fúnra rẹ̀. Mo lọ bẹ àwọn akọ̀wé òkè, wọ́n gbà pé ká pariwo lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀kan. Mo fọwọ́ ara mi ṣí i, mo dúró ti Gbẹ́nàgbẹ́nà títí eruku fi bò mí lójú.

Mo wọ̀n ọ́n lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ó bá a mu. Mo dijú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀. Orúnkún Gíga ni, kókó ibi tó fi lulẹ̀ nígbà ọmọdé wà níbẹ̀. Kòtò kò sí. Mo pẹ́ gan-an níbi tó yẹ kó wà, àtàǹpàkò mi ń lọ, ó ń bọ̀, àfìgbà tí mo rí i pé mo ń wá a ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Òní ni.

Màmá wá. Aránṣọ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Màmá fà mí lápá.

"Aránṣọ ní nígbà tí Gíga wọ ti àkọ́kọ́, ìrìn ọkọ mi ló ń rìn. Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ife yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Mo mọ ibi tó ń lọ. Ó wà, mi ò tíì fọ́ ọ.

"Tó bá lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Kó kàn dé ẹnu ọ̀nà, kó padà. Màá dijú. Mi ò ní wò ó rárá, ṣebí wíwò ló dá wàhálà sílẹ̀."

Gíga ti gbọ́ nínú yàrá. "Ẹ gbé e wá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló máa ṣe?"

"Kò ní wọ̀ ọ́!" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Màmá, ẹ má bínú. Kò ní wọ̀ ọ́. Awọ yẹn ò tíì le."

Màmá wò mí. Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí, mi ò sì mọ̀ bóyá màá lè dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Kò bẹ̀ mí. Ó mi orí, ó fa ẹ̀wù òtútù yẹn mọ́ra, ó jókòó dáadáa.

"O ṣeun," ó ní. "Fún ọmọ náà ní tirẹ̀."

Mo wọ ife fún Gíga. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan tó. Ó dìde, ó dúró, ó bojú wo ilẹ̀ bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ẹnì kan wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Èmi."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. Kọ́ọ̀pù mì lórí tábìlì Aránṣọ. Màmá ti dijú, ó gbé etí síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún ara rẹ̀. Gíga kọjá níwájú rẹ̀ gan-an, kò dúró. Màmá ń gbọ́ ọ lọ títí tó fi dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Òun kọ́," Màmá sọ. Ó rọra sọ ọ́. "Òun kọ́ rárá."

Gíga ò gbọ́. Ó ti fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ìta, ó ti bọ́ sí títì, a ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò lè wo ojú Màmá.